Ilẹ̀kùn Ilé Tíṣà

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ jàǹfààní ìyanṣẹ́lódì yẹn. Òórùn wọn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti ìhà ilé-ìwé wá sí ìsọ̀ mi lọ́sàn-án, òórùn òbúkọ á gbá mi nímú, màá sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, màá fi etí ìró bo imú. Kíláàsì mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé òrùlé ibẹ̀ nìkan ni kì í jò. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí pèpéle tí olùkọ́ máa ń dúró sí, wọ́n á máa jẹ àpọ̀jẹ, wọ́n á sì máa wo títì bí àwọn aṣòfin tó ti jẹun yó. Aránṣọ ni mí. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni mò ń rán jù nígbà yẹn, ewúrẹ́ kì í sì í wọ yunifọ́ọ̀mù.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ajílété. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ìsọ̀ mi wà ní iwájú ilé tí èmi àti ọkọ mi háyà yàrá kan sí, mo sì lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wo ilé-ìwé lọ́ọ̀ọ́kán láìdìde. Ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì náà kò ṣòro láti sọ. Ìjọba kò san owó oṣù. Ó jẹ ti oṣù kan, a ní bóyá àṣìṣe ni. Ó jẹ òmíràn lé e, ó ní kí wọ́n fara dà á. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan mọ́. Bí o bá bi ìjọba ìbílẹ̀, á ní ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ lowó wà. Ìpínlẹ̀ á ní Àbújá ni. Àbújá kì í dá irú wa lóhùn. Lórí rédíò, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ nu ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ á máa bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n ro ti àwọn ọmọ. Ro ti àwọn ọmọ kẹ̀! Ṣíọ̀! Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà nílùú òyìnbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àfi bíi pé inú olùkọ́ ni wọn ò kà mọ́ inú.

Àwa ará ìlú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a ò sàn jù wọ́n lọ. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, ohun tí mo ń gbọ́ ni pé ọ̀lẹ ni gbogbo olùkọ́, pé ẹni tó ń jókòó lábẹ́ òrùlé, tó ń fi ẹgba nawọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, kí ló tún fẹ́ fi owó ṣe. Àwọn ìyá ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilé-ìwé tètè wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé ló ń dùn wọ́n. Rárá o, gààrí ni. Ọmọ tó bá wà nílé lọ́sàn-án á jẹ gààrí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ń gbè é lẹ́yìn wọn, mo ń mi orí bí ìyá àgbà. Fọ́ọ̀mù kẹta ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, mo sì gbà nígbà náà pé gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ láyé kò ju bí a ṣe ń gé ọrùn bùbá lọ. Ìmọ̀ mi pọ̀ gan-an lọ́dún yẹn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti onílé wa. Tíṣà là ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní abúlé kan fún ìgbà díẹ̀, ìgbà tí kò tó kí iṣu tí èèyàn gbìn ta, kó tó rí i pé ìrẹsì tó ń gba inú igbó wọlé láti òdìkejì ààlà lérè ju ABD lọ. Ó sọ ṣọ́ọ̀kì nù, ó gbé ìrẹsì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin àtijọ́ tó bá ti kọ́ni rí, bó ṣe ọ̀sẹ̀ kan péré, Tíṣà ni títí wọn á fi gbé e wọ kòtò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fi owó ìrẹsì kọ́ sí oríta di Ilé Tíṣà. Bí o bá ní kí ọlọ́kadà gbé ọ lọ sí Ilé Tíṣà, kò ní bi ọ́ pé tíṣà wo. Ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò níbẹ̀, Tíṣà ló ń jẹ́. Labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ní ìlú tiwa ṣá, bí labalábá bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹyẹ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó ti rí i pé mi ò lo “wọ́n” fún un. Ó dàgbà jù mí lọ fíìfíì, ìyá mi sì kọ́ mi nílé. Ẹnu mi ló kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ìgbà kan, “wọ́n” náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Àwọn tó ń kọ́ni ní tòótọ́, ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní Tíṣà. Ọ̀gá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pe àwọn ọkùnrin inú wọn, Àǹtí ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin, àwa òbí àti aládùúgbò náà sì ń tẹ̀lé wọn pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, iwájú yàrá mi gan-an ni yàrá tiwọn wà, nínú ilé tí Tíṣà kọ́ sẹ́yìn mọ́sálásí fún àwa ayálégbé. Ará Igbógìlà ni Àǹtí. Mi ò ní parọ́ fún yín pé èèyàn ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n. Wàá kí wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá fẹnu kan gẹ̀ẹ́sì níwájú wọn, wọ́n á tún un sọ bó ṣe yẹ, wọn ò ní wo ojú mi, wọ́n á sì kọjá lọ. Mo máa ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bàtà wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn! Ọmọ tó bá gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá, tó lọ jókòó ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì, kì í kùnà. Láti Ajílété pàápàá ni àwọn kan ti ń mú ọmọ wá nítorí tiwọn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá di ẹrù rẹ̀ lọ pẹ́rẹ́n, kíláàsì mẹ́fà ti parí nìyẹn, nítorí pé àwọn olùkọ́ yòókù kò tó kíláàsì tó wà nílẹ̀, ìjọba kò sì rán ẹnikẹ́ni wá láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà. A mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ náà ni gbogbo ohun tí a ṣe sí i.

Nígbà ìyanṣẹ́lódì, ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí ni Àǹtí ń lọ láràárọ̀, wọ́n ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Àwọn òbí tó rówó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ àwọn lẹ́sìnnì nínú yàrá. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Ohun tí mo ní mi ò ṣe ní gbangba, mi ò ní lọ máa ṣe é ní kọ̀rọ̀.” Àwa tí a gbọ́ rẹ́rìn-ín. A ní ẹ ò rí ìgbéraga bó ṣe ń bá ebi sùn.

Àárín ebi yìí ni wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo wí. Ìjọba tí kò rówó fún olùkọ́ rówó kọ́ ọ sí ọgbà ilé-ìwé tí kò sí ẹni tó ń yàgbẹ́ níbẹ̀ àfi ewúrẹ́, ewúrẹ́ kò sì ní lo ṣáláńgá. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gá Káńsù sí i lára gàdàgbà. Ọ̀gá Káńsù, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, máa wá láti Ìlaró wá ṣí i. Tíṣà ló ń ṣètò rẹ̀, nítorí òun ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé yẹn. Ẹ bi mí pé ọmọ rẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan! Ilé-ìwé olówó ńlá ní Ìlaró ni bọ́ọ̀sì ń wá kó tirẹ̀ lọ lójoojúmọ́, bọ́ọ̀sì náà á sì fọn fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣa igi. Ó ní òun kàn ń fi ara òun jìn fún ọmọ tálákà ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó pe ìpàdé sí kíláàsì mẹ́fà. Wọ́n lé ewúrẹ́ jáde, wọ́n gbá ilẹ̀, òórùn dúró. Àwọn olùkọ́ wá, ṣùgbọ́n àwa òbí àti aládùúgbò tó jókòó kò kún bẹ́ǹṣì méjì. Èmi wá nítorí pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á rán yunifọ́ọ̀mù tuntun. Káfíńtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi wá nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì mẹ́fà, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdánwò. Tíṣà dúró sórí pèpéle náà, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀.

“Ọjọ́ kan péré la fẹ́,” ló wí. “Àǹtí, ẹ bá wa kó àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n kọrin, kí Ọ̀gá Káńsù rí i pé ilé-ìwé ń lọ déédéé. Bí àlejò bá ti lọ, kí ẹ padà sẹ́nu ìyanṣẹ́lódì yín.”

Àǹtí ò dìde. “Bí wọ́n bá ti rí i pé ilé-ìwé ń lọ déédéé, kí ni wọ́n tún máa sanwó fún?”

“Ẹ̀yin olùkọ́ ìsinsìnyí ti fẹ́ràn owó jù. Nígbà tí èmi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìfẹ́ ọmọ la fi ń ṣe é. Ẹ má gbàgbé o, èrè tíṣà, ọ̀run ló wà!”

Ẹ gbà mí, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ọmọ wọn ń ṣa igi pàtẹ́wọ́. Ìyẹn mú orí rẹ̀ wú, ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ sì tún rántí, Àǹtí, pé inú ilé mi lẹ̀ ń gbé. Owó ilé ti pẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Àǹtí wá dìde. Wọ́n tún ìró ró, wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó kọ “sí” nígbà tó yẹ kó kọ “ṣí”. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Tí èrè mi bá ti dé ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ owó ilé yín nínú ẹ̀ níbẹ̀.”

Wọ́n jáde. Káfíńtà ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, ó dà á sí ikọ́, ikọ́ náà ò gbà. Bí gbogbo ilé ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Tíṣà gan-an ló pariwo jù. Mo rí ojú rẹ̀. Adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ojú rẹ̀ wá dà bíi tèyí tí òjò pa. Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí fún Àǹtí. Ohun tí àwọn onílé fi ń lé ayálégbé tó bá sọ ọ̀rọ̀ sí wọn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: wọ́n á ṣí páànù lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ, kí ọ̀fọ́n àti olè máa wọlé bí ó ti wù wọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ ṣíṣí ilé ìyàgbẹ́ pé, Tíṣà jí lọ sí Ìlaró láti lọ mú Ọ̀gá Káńsù wá. Ó ti dáná kalẹ̀ nílé, ó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yà jẹun ní pálọ̀ òun kí wọ́n tó lọ síbi ayẹyẹ. Mo wà ní ìsọ̀ pẹ̀lú káfíńtà, ó ń bá mi tún ẹsẹ̀ tábìlì mi ṣe, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa pariwo síta, a sì jọ gbọ́.

“Lọ yọ ilẹ̀kùn ilé tíṣà!” ni Tíṣà ń jágbe. “Nísinsìnyí! Kí n tó dé, kó ti kúrò níbẹ̀!”

“Ilé Tíṣà kẹ̀, sà?”

“Ṣé o dití ni? Ilé tíṣà, mo ní! Ẹni tó bá bi ọ́, sọ fún un pé onílé ló ní kó o yọ ọ́. Má sì pè mí mọ́, èèyàn ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Ó pa fóònù. Káfíńtà wo fóònù náà, ó wò mí. “Ìyàwó, ìwọ náà gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Kí lo gbọ́?”

“Ó ní kí ẹ lọ yọ ilẹ̀kùn ilé Tíṣà.”

“Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn.”

Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò lè sọ bóyá ó yé e tàbí kò yé e. Èmi tí mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè búra. Ojú káfíńtà yẹn kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn. Ó mú òòlù, ó mú ìtúṣó, ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí láìyíjú wo yàrá Àǹtí, ó kọrí sí oríta. Mo ti ìsọ̀ mi pa. Irú ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́.

Ilẹ̀kùn Ilé Tíṣà kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Kútọnu ló ti rà á, igi dúdú tó wúwo, orí kìnnìún méjì ló wà lára rẹ̀ tí wọ́n la ẹnu sí àlejò. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ìkòkò lẹ́yìnkùlé, nígbà tó fi máa gbọ́ ìró òòlù, ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣí. Ó sáré jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?”

“Onílé ni, Màmá.”

“Onílé wo?”

“Onílé tó nilé, Màmá. Ẹ sún ẹ̀yìn díẹ̀, kó má baà já lé yín lẹ́sẹ̀.”

Obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀ títí, ọkọ ti pa fóònù nítorí èèyàn ńlá. Kí káfíńtà tó tú èyí tó kù, gbogbo ìlú ti dé. Mo ní gbogbo ìlú! Àwọn tí a pè sí ìpàdé tí wọn ò wá, wọ́n sáré láti oko wá wo ilẹ̀kùn. Àwọn géńdé mẹ́rin ló gbé e, orí kìnnìún ń wo ojú ọ̀run, wọ́n ń kọrin òkú tẹ̀lé e lọ sí ìsọ̀ káfíńtà. Ìyàwó Tíṣà ká ẹní jáde, ó ń wá bí ó ṣe máa ta á bo ẹnu ọ̀nà, ẹní náà ń wó. Adìẹ kan tilẹ̀ ti wọlé lọ bà lórí àga.

Bí ọkọ̀ Ọ̀gá Káńsù ṣe dé nìyẹn, fèrè ń ké. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ láti fi ilé rẹ̀ han àlejò, ọwọ́ náà dúró sókè. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tó bù sí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Káńsù wo ihò gbàǹgbà náà, ó wo ẹní, ó wo adìẹ. Ó ní, “Alága, ṣé olè wá ni?”

Káfíńtà bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Èmi ni, sà. Tíṣà ló ní kí n yọ ilẹ̀kùn ilé Tíṣà. Mo tún bi wọ́n, sà, wọ́n ní ṣé mo dití ni.”

“Ilé tíṣà mo ní!” Tíṣà ń nàka sí ìhà mọ́sálásí. “Tíṣà! Olùkọ́! Ilé obìnrin tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ yẹn!”

“Háà! Àǹtí?” Káfíńtà gbé orí sókè láti ilẹ̀. “Àǹtí lẹ ní lọ́kàn, sà? Kí ló dé tí ẹ ò wí? Ní ìlú yìí, ta ló tún ń jẹ́ Tíṣà lẹ́yìn yín?”

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ti na fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀gá Káńsù kò bìkítà fún Àǹtí o, ẹ má ṣe jẹ́ kí n tàn yín. Fọ́tò ló ń bẹ̀rù, kí ayé má baà rí òun ní ojúlé ẹni tó ń rán káfíńtà sí ilẹ̀kùn olùkọ́ tí ìjọba jẹ lówó. Ó padà sínú ọkọ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan ní Ìlaró. Kò ṣí ilé ìyàgbẹ́ náà. Wọ́n fi àgádágodo tì í pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Káfíńtà gba owó iṣẹ́ yíyọ lọ́wọ́ Tíṣà, ó tún gba ti dídápadà, Tíṣà ò sì lè jiyàn, nítorí pé gbogbo wa ló gbọ́ pé òun ló rán an.

Tíṣà ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn Àǹtí rárá. Kò tilẹ̀ lè gba ẹ̀yìn mọ́sálásí kọjá, àwọn ọmọdé á máa kígbe “Sà, ilé tíṣà wo?” tẹ̀lé e. A rò pé ó parí síbẹ̀. A rò pé a ti gba Àǹtí sílẹ̀, àwa tí a ò ṣe ju pé a ya ẹnu, a ń wòran. Mo tilẹ̀ ń retí pé kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí èmi ni mo bá káfíńtà gbọ́ fóònù.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo jí, mo bá Àǹtí níta, wọ́n ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Báàgì kan, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká, páálí ìwé. Mo ní, “Èétirí, Àǹtí? Níbo lẹ̀ ń lọ? Ṣé kò tíì tán ni?”

Wọ́n ní ilé-ìwé kan wà ní Ìgólò, ní òdìkejì ààlà lẹ́yìn Ìdírókò, tó ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní wọ́n ń sanwó lóṣooṣù níbẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má lọ o. Gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn yín. Ṣé ẹ rí bí èrò ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ ilẹ̀kùn?”

“Mo rí wọn, ìyàwó.” Wọ́n fa okùn náà le. “Gbogbo yín lẹ wá wo ilẹ̀kùn. Ìpàdé ilé-ìwé ńkọ́? Ta ló wá?”

Mo fẹ́ ní èmi wá. Mo rántí pé yunifọ́ọ̀mù ni mo bá lọ. Ọlọ́kadà tẹná, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sìn wọ́n dé oríta, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó di ọ̀kadà náà mú. Káfíńtà nìkan ló jáde síta láti ìsọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó dúró pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ títí eruku fi rọlẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì náà parí bí irú rẹ̀ ṣe máa ń parí. Ìjọba san díẹ̀, ó ṣe ìlérí ìyókù, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ olùkọ́ bọwọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ilé-ìwé wọlé. Ewúrẹ́ jáde ní gbogbo kíláàsì, àfi kíláàsì mẹ́fà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kó àwọn ọmọ náà mọ́ kíláàsì márùn-ún, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Àwa ará ìlú ní kò burú. Nǹkan wo ló tilẹ̀ máa ń burú lójú wa? Bí ọtí bá ti wọra, ìtàn ilẹ̀kùn ni a máa ń sọ, a ó ṣe ohùn Tíṣà, a ó ṣe ohùn káfíńtà, a ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú á fi bọ́. Irú ìlú wo lèyí? Ìlú tí wọ́n já olùkọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rín san án padà, tó sì gbà pé òun gbọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra aṣọ ní Ìgólò. Mo ń dúró kí ọkọ̀ kún nígbà tí ẹnìkan pè mí ní ìyàwó láti ẹ̀yìn, èmi tí mo ti bí mẹ́ta. Àǹtí ni. Wọ́n sanra díẹ̀, ara wọn dán, Madáàmù ni àwọn ọmọ tó ń kọjá ń kí wọn. Mo kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo kí wọn, èyí tó yà mí lẹ́nu. Wọn ò béèrè Tíṣà, wọn ò béèrè ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń béèrè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àná ni wọ́n ti rí wọn. Mo ní ọmọ káfíńtà ṣe ìdánwò náà, kò wọlé, ó ti ń dirun báyìí. Mo ní àwọn ọmọkùnrin inú wọn ń fi ọ̀kadà gbé epo gba inú igbó. Wọ́n ń mi orí.

“Ta ló wá gba kíláàsì mi?”

“Kò sẹ́nìkan, Àǹtí.”

“Látìgbà yẹn?”

“Látìgbà yẹn. Inú kíláàsì márùn-ún ni gbogbo wọn ń jókòó sí.”

Dẹ́rẹ́bà ń pe èrò. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ nǹkan dídùn kan fún wọn kí n tó wọkọ̀, nítorí náà mo ní, “Àkọ́bí tèmi ti dàgbà o, Àǹtí. Kíláàsì mẹ́fà ló máa wọ̀ tí wọ́n bá wọlé.”

Àǹtí wò mí. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín, mo wo ojú wọn dáadáa. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni.

“Kíláàsì mẹ́fà wo, ìyàwó?”